Ilé àyẹ̀wò tó la inú àgùntàn wò kí ó tó dá wa lóhùn

Ó lé ní ọdún méjì tí àwọn abo àgùntàn wa fi ń rù kan eegun lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń jẹ koríko bí ti àtẹ̀yìnwá, wọn kò sì yàgbẹ́ gbuuru. A fún wọn ní oògùn aran, a yẹ eyín wọn wò, pàbó ló já sí. Ilé àyẹ̀wò tí a kọ́kọ́ lọ gba ẹ̀jẹ̀ ẹran mẹ́fà péré, wọ́n sì ní kò sí àrùn Johne, àrùn kòkòrò inú ìfun tó ń mú ẹran rù, nínú agbo wa. Èsì yẹn ṣì ń dùn mí. Láti ọdún 1895 ni àwọn onímọ̀ méjì, Johne àti Frothingham, ti ṣàpèjúwe àrùn yìí lára màlúù ní Jámánì. Kò yẹ kí a tún máa fi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sọ pé kò sí, nígbà tó jẹ́ pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kì í sábà rí i lára àgùntàn tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í rù.

Ilé àyẹ̀wò kejì ni mo fẹ́ yìn. Wọ́n kọ́kọ́ béèrè bóyá a ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn náà fún àwọn ẹran rí, nítorí pé abẹ́rẹ́ yẹn lè da èsì ẹ̀jẹ̀ rú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí a mú méjì wá nínú àwọn tó rù jù, wọ́n pa wọ́n, wọ́n sì là wọ́n níṣojú wa. Oníṣègùn ẹran náà ní kí n fọwọ́ kan ìparí ìfun kékeré: ó nípọn, inú rẹ̀ hunjọ, àwọn kókó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ti wú. Ó ní ìfun àgùntàn mìíràn kì í nípọn rárá, nítorí náà wọ́n máa ń gé lára èyí tó dára lójú pàápàá. Nígbà tí wọ́n pa èyí tí wọ́n gé láró tí mo sì wo inú awò amúǹkantóbi, mo rí àwọn kòkòrò pupa tín-tìn-tín tí wọ́n ṣù jọ.

Wọ́n tún gba ìgbẹ́ àwọn tó kù, wọ́n pò ó pọ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ kí owó má baà pa wá. Èsì PCR, àyẹ̀wò tó ń wá àbùdá kòkòrò náà, tètè dé. Ti kòkòrò tí wọ́n ń mú hù láti inú ìgbẹ́ gba ọ̀pọ̀ oṣù, ṣùgbọ́n n kò bá wọn jà, torí irú tó ń ṣe àgùntàn kì í tètè hù.

Àléébù wọn kan ni ìwé èsì. Kò sọ ohun tí a ó fi ọmọ àwọn ìyá tó lárùn ṣe, bẹ́ẹ̀ láti kékeré ni wọ́n ti ń kó o. Ìgbà tí mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n tó ṣàlàyé. Síbẹ̀, àwọn náà ni mo kó ìgbẹ́ ọ̀wọ́ tuntun ránṣẹ́ sí.