Atalẹ̀ pupa Ọjà Ọba tàbí kápúsù alápòpọ̀: èwo ni kí ẹ rà?

Àwọn èèyàn máa ń bi mí léèrè ní Òṣogbo níbí pé ṣé kí àwọn ra kápúsù tí wọ́n po egbò àti ewé márùn-ún pọ̀ sínú rẹ̀, àbí kí àwọn kúkú gba ọjà lọ. Èmi fara mọ́ ọjà, mo sì ní ìdí.

Bí a ṣe ń mí, tí a ń jẹun, àwọn èròjà kan ń jáde nínú ara tó ń bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí irin ṣe ń dógùn-ún. Ara ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ tó ń kápá wọn. Èròjà kan nínú ara tí wọ́n ń pè ní Nrf2 ló ń ta àwọn ẹ̀ṣọ́ náà jí, curcumin inú atalẹ̀ pupa àti èròjà inú tíì sì ti ta Nrf2 jí nínú yàrá ìwádìí. Ohun tó mú kí àwọn oníkápúsù máa pò wọ́n pọ̀ nìyẹn.

Àpòpọ̀ kan wà tí mo gbà gbọ́ gan-an. Curcumin kì í tètè wọ ẹ̀jẹ̀. Ní 1998, àwọn onímọ̀ ní Íńdíà fún àwọn èèyàn ní gíráàmù 2 rẹ̀ pẹ̀lú mílígíráàmù 20 piperine, èyí tó wọ ẹ̀jẹ̀ sì di ìlọ́po 20. Piperine yìí wà nínú iyèré tiwa. Ẹ fi atalẹ̀ pupa àti iyèré sínú ọbẹ̀ elépo, ó parí.

Kápúsù lágbára jù ú lọ lóòótọ́, torí pé nínú 100 gíráàmù atalẹ̀ pupa gbígbẹ, curcumin kò ju nǹkan bíi gíráàmù 3 lọ. Ṣùgbọ́n agbára yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ní 2018, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ ní Yúróòpù kìlọ̀ pé EGCG, èròjà kan inú gíríìn tíì, tó bá tó mílígíráàmù 800 lójúmọ́ nínú kápúsù, lè pa ẹ̀dọ̀ lára. Mo ti ra ìgò kan rí tí wọ́n kọ orúkọ ewé márùn-ún sí lára, iye kan ṣoṣo ni wọ́n kọ fún gbogbo wọn. Báwo ni ẹ ó ṣe mọ ohun tí ẹ ń gbé mì? Bí kápúsù náà lẹ bá fẹ́, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, kí ẹ sì wá èyí tó kọ iye ewé kọ̀ọ̀kan.

  

Ní Ọjà Ọba, ẹ má ra ìyẹ̀fun atalẹ̀ pupa. Ní Bangladesh, wọ́n ti rí òjé nínú rẹ̀, látinú àwọ̀ tí àwọn oníṣòwò kan pò mọ́ ọn. Odindi ni kí ẹ rà. Ẹ ṣẹ́ ẹ sí méjì: inú rẹ̀ á pọ́n bíi pupa inú ẹyin adìẹ, bó bá sì jẹ́ tútù, á kun ìka yín, ọṣẹ kò ní fọ̀ ọ́ tán lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má gbé e fún ẹlẹ́rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ata gbígbẹ tán o.

Ẹni tó bá ń lo warfarin tàbí oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó fọwọ́ kan kápúsù atalẹ̀ pupa kankan.