Ẹ̀rọ aṣèkìlọ̀ carbon monoxide tí a gbé sí yàrá ìyá wa: ohun tí mo rí láàrin oṣù mẹ́jọ

Àbúrò mi tó ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ló mú ẹ̀rọ funfun kékeré kan wálé ní ìparí ọdún tó kọjá, ó ní ká gbé e sí yàrá tí ìyá wa ń sùn. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni láti máa ṣọ́ carbon monoxide, ìyẹn afẹ́fẹ́ olóró tí ń tú jáde láti ara jẹnẹrétọ̀, sítóòfù oníkẹrosíìnì àti ààrò eléèédú. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni òfin ti mú un ní dandan fún àwọn onílé ní England pé kí wọ́n fi irú rẹ̀ sí yàrá ayálégbé èyíkéyìí tí ẹ̀rọ tí ń jó gáàsì, epo tàbí igi bá wà, àyàfi sítóòfù gáàsì tí a fi ń dáná nìkan. Bí mo ṣe ń lò ó lọ ni mo ń rí i pé ilé wa ní Ìbàdàn nílò rẹ̀ ju ilé àbúrò mi lọ.

Carbon monoxide kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í sì í ta ojú. Èéfín dúdú tí a ń rí, tó ń mú wa wúkọ́, kọ́ ni òun. Ó lè kún yàrá bámúbámú kí ẹni tó jókòó síbẹ̀ má mọ nǹkan kan. Bí a bá mí in sínú, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa gbé ọ́síjìn káàkiri ara a máa fà á mọ́ra ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju bó ṣe ń fa ọ́síjìn lọ, ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìrí ọ́síjìn lò nígbà tí èèyàn ṣì ń mí. Orí á máa fọ́ni, òòyì á kọ́ni, èébì á máa gbéni, á sì rẹni débi pé ẹsẹ̀ kò ní lè gbéni dé ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ìwọ̀nyí jọ ibà lójú wa. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì la ti ra oògùn ibà fún ìyá wa láàrin oṣù kan ṣoṣo, a kò sì fiyè sí i pé orí náà máa ń fúyẹ́ bí wọ́n bá ti jókòó síta fún ìgbà díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibà kì í wo ibi tí èèyàn jókòó sí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù keje, òjò ń rọ̀, NEPA sì ti mú iná lọ láti ọ̀sán. Ẹ̀gbọ́n mi gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré wa, irú èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní “I pass my neighbour”, sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé kí òjò má baà pa á. Kò sí ẹni tó rò nínú wa pé a gbé e wọlé, nítorí ẹ̀yìn ilé ni. Ṣùgbọ́n fèrèsé yàrá ìyá wa ló wà lókè ibẹ̀, méjì nínú gíláàsì rẹ̀ sì ti fọ́ tipẹ́. Agogo mẹ́jọ la tan án. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú 15 kí agogo mẹ́sàn-án lù, mo gbé tíì wọlé fún wọn, mo sì rí 54 lójú ẹ̀rọ náà, níbi tó jẹ́ pé òdo la máa ń bá. N kò mọ ohun tó túmọ̀ sí, mo jáde. Nígbà tí agogo mẹ́wàá kù díẹ̀, ó ké lẹ́ẹ̀mẹrin, ó dákẹ́, ó tún ké, ariwo tó gba gbogbo ilé kan. Nọ́ńbà ojú rẹ̀ ti di 63. A pa jẹnẹrétọ̀, a ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, a sì mú ìyá wa jáde. Ìgbà náà ni wọ́n tó sọ pé orí ti ń fọ́ àwọn láti ìgbà tí àwọn ti jẹun tán, pé àwọn kò kàn fẹ́ dà wá láàmú ni. A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì fi ọ́síjìn sí wọn nímú, nítorí pé bí èèyàn bá ń mí afẹ́fẹ́ lásán, ó tó wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún kí ìdajì májèlé yìí tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ògidì ọ́síjìn, kò ju bíi wákàtí kan àbọ̀ lọ.

Ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá ni mo kà títí ilẹ̀ fi mọ́, ó sì dùn mí gan-an pé n kò kà á ṣáájú. Ìlànà EN 50291, ìyẹn ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù fún irú aṣèkìlọ̀ yìí, ni wọ́n tẹ̀ lé ṣe é. Bí carbon monoxide bá jẹ́ ìpín 50 nínú mílíọ̀nù kan ìpín afẹ́fẹ́, èyí tí nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ náà ń kà, láàrin ìṣẹ́jú 60 sí 90 ló gbọ́dọ̀ ké; bó bá jẹ́ 100, láàrin ìṣẹ́jú 10 sí 40; bó bá sì di 300, kò gbọdọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta. Nítorí náà ẹ̀rọ wa kò sùn lẹ́nu iṣẹ́ ní alẹ́ yẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni májèlé yìí ń kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀, bí ó ti pẹ́ tó tí a ti ń mí in sì ṣe pàtàkì bíi bí ó ti pọ̀ tó. Ẹni tó bá rí 54 bí èmi ti rí i kò gbọdọ̀ dúró de ariwo.

Àjọ CDC, tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ní kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé tó mítà mẹ́fà, ó kéré tán. A ra wáyà tó gùn, a ṣe àtíbàbà páànù kékeré sí ìdí ọgbà, a sì kọ ẹnu èéfín rẹ̀ síta. Láti ọjọ́ náà, òdo ni ẹ̀rọ náà ń fi hàn nígbà tí tiwa bá ń ṣiṣẹ́. Ó yà mí lẹ́nu nígbà náà, ní ọ̀sẹ̀ kẹta, pé mo bá 34 níbẹ̀ ní alẹ́ tí a kò tan tiwa rárá. Láti ọ̀dọ̀ bàbá tó ń gbé lẹ́yìn ọgbà wa ló ti ń wá. Mo lọ kí wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní, “Ẹ má bínú sà, èéfín jẹnẹrétọ̀ yín ló ń wọ yàrá màmá.” Wọ́n dá mi lóhùn pé, “Èéfín wo? Èmi náà ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n kò gbóòórùn nǹkan kan.” Mo gbé ẹ̀rọ náà lọ sí yàrá wọn lálẹ́, àwa méjèèjì jókòó tì í, a sì jọ ń wò ó bó ṣe ń gòkè, 20, 38, 61. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi lọ pa jẹnẹrétọ̀ náà.

Ẹ̀rọ náà ní àléébù o, ó sì yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ rà á mọ̀ ọ́n. Àkọ́kọ́ ni pé òdo ló máa ń fi hàn títí yóò fi dé 10, ìpín 30 sì lè wà nínú yàrá fún odindi wákàtí méjì láìjẹ́ pé ó ké, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ní ọdún 2021 pé ohun tí èèyàn ń mí láàrin wákàtí 24 kò yẹ kó kọjá mílígírámù mẹ́rin nínú afẹ́fẹ́ tó kún àpótí tó gùn, tó fẹ̀, tó sì ga ní mítà kan, èyí tí kò tó ìpín mẹ́rin nínú mílíọ̀nù. Ikú òjijì ló ń ṣọ́. Aboyún, ọmọdé àti ẹni tó ní àrùn ọkàn kò lè torí òdo ojú rẹ̀ sùn lẹ́bàá èéfín. Ìkejì ni pé bọ́tìnì tí a fi ń dán an wò kò dán ju ariwo àti bátìrì rẹ̀ wò lọ. Ìkẹta, èyí tó kan àwa tí a ní ínfátà, ni pé háídrójìn tí ń jáde lára bátìrì olómi nígbà tí iná bá ń wọ inú rẹ̀ lè tàn án jẹ, kó sì ké. Tiwa ké bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. A kò kà á sí irọ́ lásán, nítorí háídrójìn a máa gbiná. A gbé bátìrì náà kúrò ní ọ̀nà yàrá lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí.

Ní ti rírà, nǹkan bíi pọ́ùn 20 ni àbúrò mi rà á. Mo wá òmíràn ní ìgboro Ìbàdàn, oníṣọ́ọ̀bù kan sì ta aṣèkìlọ̀ èéfín iná fún mi, ó fi dá mi lójú pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá: èyí tó ń ṣọ́ ilé tó ń jó kò mọ̀ bí carbon monoxide bá wọlé. Kí ẹ rí i pé orúkọ afẹ́fẹ́ náà àti nọ́ńbà EN 50291 wà lára rẹ̀, kí ẹ sì wo déètì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ohun tó fi ń mọ afẹ́fẹ́ náà a máa kú lẹ́yìn ọdún méje sí mẹ́wàá, bátìrì ìbáà ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ tuntun. Ìtòsí orí ibùsùn ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe ẹ̀yìn kọ́tìnnì.

Bàbá ẹ̀yìn ọgbà wa ti gbé jẹnẹrétọ̀ wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ géètì. Wọ́n bi mí léèrè iye tí ẹ̀rọ náà jẹ́, mo sì ti ránṣẹ́ sí àbúrò mi pé kó ra méjì bọ̀, ọ̀kan jẹ́ ti yàrá wọn.