IT Oṣù Mẹ́fà: Sọ́fítíwíà Iléeṣẹ́ Ńlá Ni àbí Sẹ́ńsọ̀?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ fún SIWES, ètò ìkọ́ṣẹ́ níléeṣẹ́ (òun là ń pè ní IT) tí ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, dá sílẹ̀ ní 1973, máa ń bi mí pé èwo ni kí àwọn mú: iléeṣẹ́ tó ń kọ sọ́fítíwíà fún báńkì, àbí yàrá ìwádìí tó ń ṣe sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn nǹkan bí ooru tàbí omi?

Ní ti sọ́fítíwíà, iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ kí o tó dé. Wàá bá SQL (èdè tí a fi ń béèrè dátà), Java (èdè tí a fi ń kọ sọ́fítíwíà), àti kóòdù àtijọ́ tẹ́nikẹ́ni kò fẹ́ fọwọ́ kàn. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ kíákíá, ibẹ̀ ni kó lọ.

Ti sẹ́ńsọ̀ ló wù mí jù. Ká ní ẹ fẹ́ mọ bí ilẹ̀ oko ṣe tutù tó: sẹ́ńsọ̀ á wọ̀n ọ́n, á fi èsì ránṣẹ́ lórí LoRa, irú rédíò kan tí kì í jẹ iná púpọ̀, dé ibi tó jìn tó kìlómítà mélòó kan, á sì padà sùn. Oorun yẹn ṣe pàtàkì, torí rédíò ló ń jẹ bátìrì jù, kì í ṣe ìwọ̀n fúnra rẹ̀. Òjò lè wọnú àpótí, kí dátà ọ̀sẹ̀ kan pòórá, kí o wá gun ọ̀kadà padà sóko (owó ara rẹ ni o!). Àmọ́ ìbéèrè tí kò tíì ní ìdáhùn pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń lérò másítáàsì á ti rí nǹkan kọ.