Pápá gọ́ọ̀fù wa lẹ́yìn àtúnṣe: green ti dé, ṣùgbọ́n wọ́n dí ọ̀nà ilẹ̀

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń gbá gọ́ọ̀fù ní kílọ́ọ̀bù wa kí wọ́n tó ti pápá náà fún àtúnṣe. Kílọ́ọ̀bù aládàáni ni, nílẹ̀ Yorùbá níbí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ kílọ́ọ̀bù tó ń dáwó jọ láti ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Látìgbà tí wọ́n ti ṣí i padà, mo ti gbá ihò 18 náà lójò, mo ti gbá a nínú ọyẹ́. Obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni mí, bọ́ọ̀lù mi kì í fò jìnnà. Ojú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo fi wò ó.

Green ni ibi tí koríko ti kúrú tó yí ihò ká. Brown la ní tẹ́lẹ̀ dípò rẹ̀: iyanrìn tí wọ́n fi epo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò pò kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Bí bọ́ọ̀lù bá ti gúnlẹ̀ sórí rẹ̀, kádì, ẹni tó ń bá wa gbé ọ̀pá gọ́ọ̀fù, á fi àpò fa ojú ọ̀nà kan tó dán láti ìdí bọ́ọ̀lù dé ẹnu ihò, ẹ ó sì gbá a tààrà. Epo á kó mọ́ bọ́ọ̀lù, á kó mọ́ ọwọ́, á kó mọ́ aṣọ.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbá lórí green tuntun, ní ihò kejì, bọ́ọ̀lù mi ò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí ihò lọ. Mo gbá a bí mo ṣe ń gbá a lórí brown. Ó kọjá ihò, ó yà sósì, ó sì ń lọ títí ó fi bọ́ kúrò lórí green. Kádì mi bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa koríko náà. “Màmá, ibi tí orí koríko bá sùn sí ni bọ́ọ̀lù ń sáré lọ. Ẹ wo apá ibí yìí, ó ń dán. Ẹ wá wò ó láti ọ̀hún, ó dúdú.” Bẹ́ẹ̀ ló rí. Bermuda ni koríko náà, bí ẹ bá rí i tó ń dán níwájú yín, ẹ rọra gbá a. Bó bá dúdú, ẹ fi agbára kún un. Ó gbà mí tó oṣù kan kí n tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n inú mi dùn sí i gan-an, torí lórí brown, kádì tó mọ àpò fà lè bo àṣìṣe ẹni. Níbí, ọwọ́ mi nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Tí wọ́n bá bi mí níbi tí owó wa ti ṣiṣẹ́ jù, abẹ́ ilẹ̀ ni màá nawọ́ sí. Mo dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń ṣe green kẹrin: páìpù nínú kòtò nísàlẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ bíi 10 cm lé e, iyanrìn 30 cm lórí òkúta, kí wọ́n tó gbin koríko. Ìlànà tí USGA, ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù ní Amẹ́ríkà, ń dábàá nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, òjò kan ṣoṣo nínú oṣù kẹfà lè sọ ìdí ihò kẹrin di adágún fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́dún yìí òjò rọ̀ láti ìdájí títí di aago mẹ́wàá. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, a ti wà níbẹ̀, bàtà mi ò sì rin.

Owó oṣù ti lọ sókè. Green ń mu omi lójoojúmọ́ nínú ọ̀gbẹlẹ̀, díísẹ́lì ló sì ń fa omi náà.

Àwọn kan lára wa ń wo ìdíje Masters lórí tẹlifíṣàn, wọ́n wá ń fẹ́ kí green tiwa náà yára bíi ti Augusta, pápá tí wọ́n ti ń gbá Masters ní Amẹ́ríkà. Bentgrass ni ti Augusta, Bermuda tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi í rọ́pò kí Masters 1981 tó bẹ̀rẹ̀. Koríko ibi tútù ni bentgrass, oòrùn wa á pa á. Bermuda tiwa náà, bí ẹ bá gé e kanlẹ̀ jù nínú ooru, á jó. A ti rí i: wọ́n gé e mọ́lẹ̀ nítorí ìdíje kan, green méjì sì pá lórí. Bí wọ́n bá fi Stimpmeter, irin tí wọ́n fi ń mọ bí green ṣe yára tó, wọ̀n ọ́n tí bọ́ọ̀lù sì yí tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ó ti tó wa.

Ihò keje ló ń dùn mí. Tẹ́lẹ̀, màá jẹ́ kí bọ́ọ̀lù balẹ̀ ní bí ọgbọ̀n yáàdì sí brown, á sì máa yí lọ fúnra rẹ̀. Wọ́n ti wa bọ́ńkà, kòtò oníyanrìn, dábùú iwájú green báyìí, ètè rẹ̀ dé mi láyà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń fi ọ̀pá iron 7 gbá bọ́ọ̀lù fò ó. Àwa tí bọ́ọ̀lù wa ń rìn nílẹ̀ kò ní ibi tí a ó gbà. Iyanrìn tó ní amọ̀ ni wọ́n dà síbẹ̀, bí òjò bá ti pa á, á le gbagidi, ọ̀pá á sì ta lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, àwa obìnrin mẹ́rin la jọ gbá, mẹ́ta kó sínú rẹ̀, ọ̀kan gbá a lẹ́ẹ̀marùn-ún kó tó jáde. Èyí tó burú ni pé wọ́n tún sún ibi tí àwa obìnrin ti ń gbéra sẹ́yìn, kí pápá lè gùn lórí ìwé.

Mo ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pápá pé kí wọ́n dí ìdajì bọ́ńkà náà lápá ọ̀tún, kí wọ́n gé koríko ibẹ̀ kúrú títí wọ green, kí wọ́n sì dá wa padà síbi tí a ti ń gbéra. Wọ́n ní àwọn ń gbé e yẹ̀ wò. Ní báyìí ná, apá òsì ni mò ń gbá a sí ní ihò keje, màá wá yí ká bọ́ńkà náà, màá sì kọ márùn-ún sínú káàdì mi.