Mo fọwọ́ ara mi gba ETA Ìlú Ọba fún Màámi, ẹ gbọ́ bó ṣe lọ

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ ETA yìí, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n ń gbà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó rìnrìn àjò lọ sí Ìlú Ọba, ti ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bí tiwa ṣe lọ. Ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi la ń lọ ní London, èmi, Màámi àti àbígbẹ̀yìn mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, Houston la ti ń gbéra, Màámi á sì ti London kọjá sí Èkó lọ kí àwọn ẹbí. Pásípọ́ọ̀tì Amẹ́ríkà ni gbogbo wa ní. Tẹ́lẹ̀, tó o bá ti ní ìwé Amẹ́ríkà lọ́wọ́, o kàn máa wọ bàálù ni, àmọ́ láti ọjọ́ kẹjọ oṣù kìíní ọdún 2025 ni wọ́n ti ní kí àwa náà máa gba àṣẹ ká tó gbéra. Kì í ṣe físà o. Ẹni tó jẹ́ pé pásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà nìkan ló ní, físà náà ló ṣì máa gbà, ETA ò kàn án rárá.

Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Maryland ló kọ́kọ́ ṣe tiẹ̀. Ó wá a lórí Google, èyí tó yọ lókè pátápátá ló tẹ̀, kò mọ̀ pé àwọn aláàárín ni, àfi ìgbà tí $89 kúrò nínú káàdì ẹ̀. £16 ni ìjọba ń gbà nígbà yẹn, ìyẹn ò ju bíi $21 lọ! ETA yẹn jáde lóòótọ́, àmọ́ owó yẹn dùn mí, èyí tó tiẹ̀ dùn mí jù ni pé àwòrán ojú ẹ̀ àti gbogbo ohun tó wà nínú pásípọ́ọ̀tì ẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ̀ rí. Ẹ jọ̀ọ́, gov.uk, ìkànnì ìjọba Ìlú Ọba fúnra wọn, ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, tàbí áàpù tí orúkọ ẹ̀ ń jẹ́ UK ETA, òun ni mo lò.

Kí n tó fọwọ́ kan fóònù, mo ní kí Màámi kó ìwé wọn wá. Pásípọ́ọ̀tì mẹ́ta ni mo bá nínú àpò yẹn: aláwọ̀ ewé ti Nàìjíríà, ti Amẹ́ríkà tó ti kú, àti tuntun. Ó kù díẹ̀ kí n fi èyí tó ti kú ṣe é, torí òun ló wà lókè. Ẹ ṣọ́ra gan-an níbẹ̀ o, pásípọ́ọ̀tì tẹ́ ẹ bá fi gbà á ni wọ́n so ó mọ́, tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ pásípọ́ọ̀tì lẹ́yìn náà, ẹ máa gba òmíràn ni.

Áàpù náà ní ká ya ojú ewé tí fọ́tò wà, ìyẹn yá. Ó wá ku chip, ìyẹn nǹkan kékeré inú pásípọ́ọ̀tì tí fóònù máa kà. Mo gbé fóònù lé ẹ̀yìn pásípọ́ọ̀tì, kò kà á, mo tún un gbé, kò kà á, ọkàn mi ti fẹ́ máa dà rú, ìgbà tí mo bọ́ àpò fóònù mi tó ní mágínẹ́ẹ̀tì kúrò, tí mo ṣí pásípọ́ọ̀tì náà sílẹ̀, tí mo gbé orí fóònù lé páálí ẹ̀yìn, tí mo dáwọ́ dúró ṣinṣin láìmí, ni fóònù bá gbọ̀n jìn-ìn, ó ti kà á. Ó wá kan fọ́tò ojú. Màámi ti lọ wé gèlè, wọ́n ti kun àtíkè, torí wọ́n gbọ́ pé ìjọba ló fẹ́ wo ojú wọn. Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú gèlè yẹn." Wọ́n wò mí fún ìgbà pípẹ́, wọ́n tú u. A dúró síwájú ògiri funfun, ẹ̀ẹ̀kan náà ló gbà á.

Àwọn ìbéèrè tó kù ò le: iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣe, bóyá ẹ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè míì, bóyá ilé ẹjọ́ ti dá yín lẹ́bi rí. Ẹ má parọ́, ẹ sọ pé ẹ ní Nàìjíríà náà. Wọn ò béèrè tíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọdé náà máa gba tiẹ̀, kódà ọmọ ọwọ́, iye kan náà ni, owó yìí ló sì ń bí mi nínú díẹ̀, torí £10 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, oṣù kẹrin 2025 ló di £16, ẹni tó bá kó ọmọ mẹ́ta dání máa mọ̀ ọ́n lára. Ẹ yẹ iye tó jẹ́ báyìí wò kẹ́ ẹ tó san. Àmọ́ ọdún méjì ló máa ṣiṣẹ́, àyàfi tí pásípọ́ọ̀tì bá kú ṣáájú, ẹ lè wọlé léraléra, àmọ́ ẹ ò lè lò ju oṣù mẹ́fà lọ nígbà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ sí London kẹ́ ẹ tó kó wá síbí, tí ọmọ yẹn bá jẹ́ ọmọ Britain, kò lè gba ETA o! Pásípọ́ọ̀tì Britain ni kẹ́ ẹ wá fún un, ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ ìrìn àjò.

Wọ́n ní ká retí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta, tèmi ò tó wákàtí kan, ti Màámi dé lọ́jọ́ kejì, ímeèlì tó ní nọ́ńbà onídìgíìtì 16. Ni Màámi bá ní, "Pépà ẹ̀ dà?" Mo ní kò sí pépà, inú kọ̀ǹpútà wọn ló wà, tí wọ́n bá ti wo pásípọ́ọ̀tì yín wọ́n á rí i. Wọ́n ní, "Kọ̀ǹpútà wọn, tó bá kú ńkọ́?" Òótọ́ ni pé wọn ò béèrè pépà, síbẹ̀ mo lọ sí láíbìrì, mo tẹ ímeèlì náà jáde lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún Màámi, ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n mi tó máa sin wọ́n lọ sí Heathrow. Mo wá fi báírò kọ ọ́ gàdàgbà sísàlẹ̀: BÚLÚÙ NI KÍ Ẹ MÚ JÁDE FÚN LONDON. Ti Amẹ́ríkà ni búlúù yẹn. Torí Màámi nìkan ló máa ti Èkó padà, mo sì mọ̀ pé aláwọ̀ ewé ló máa ń kọ́kọ́ jáde lápò wọn, kò sì sí ETA kankan lórí ìyẹn. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn ní Houston, wọ́n ti na aláwọ̀ ewé sí ọmọbìnrin tó wà ní káúńtà, ọmọ yẹn ti ń béèrè físà, mo sáré gbà á, mo mú búlúù fún un, ó ní kò sí wàhálà.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, wọ́n pè mí láti Èkó. Wọ́n ní àwọn mú búlúù jáde, àwọn sì na pépà náà sí ọmọ tó wà ní káúńtà, ọmọ náà dá a padà láìkà á. Mo ní kí wọ́n jù ú nù. Wọ́n ní rárá o, ọdún méjì ẹ̀ ò tíì pé.