Láptọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú fún akẹ́kọ̀ọ́: tuntun inú páálí, àlòkù ọ́fíìsì, àbí Chromebook?

Bí owó tí ẹ mú dání fún láptọ́ọ̀pù akẹ́kọ̀ọ́ kò bá pọ̀, oríṣi mẹ́ta ni wọ́n máa gbé síwájú yín: tuntun kékeré tó ṣì wà nínú páálí, àlòkù tó ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì rí, àti Chromebook, ìyẹn láptọ́ọ̀pù tó ń lo ChromeOS ti Google dípò Windows. Iye owó wọn a máa sún mọ́ra, ìdí nìyẹn tó fi máa ń dà bíi pé èyíkéyìí tí ẹ bá mú náà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èmi fara mọ́ àlòkù ọ́fíìsì, n kò sì fi bò, àmọ́ ó ní bí a ṣe ń rà á, ó sì ní ẹni tí kò yẹ kó rà á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí a ṣe sábà máa ń bá wọn. Processor ni ọpọlọ ẹ̀rọ, core sì ni ẹ̀yà inú rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́. RAM ni ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. eMMC àti SSD ni oríṣi ibi tí fáìlì ń gbé.

| | Tuntun kékeré | Àlòkù ọ́fíìsì (2018) | Chromebook |
|---|---|---|---|
| Processor | Celeron N4020, core 2 | Core i5-8250U, core 4 | Ó yàtọ̀ síra |
| RAM | 4GB, kò ṣeé fi kún | 8GB, ó ṣeé fi kún | 4GB tàbí 8GB |
| Ibi ìpamọ́ | eMMC 64GB | SSD 256GB, ó ṣeé pààrọ̀ | eMMC 32GB tàbí 64GB |
| Bátìrì | Tuntun | Ẹ gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò | Ó máa ń pẹ́ |
| Wàráńtì | Ó wà | Díẹ̀, tàbí kò sí | Ó wà, bó bá jẹ́ tuntun |

Ohun tó wà nínú páálí yẹn

Èmi ni mo yan láptọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ tí àbúrò mi lò nílé ẹ̀kọ́ gíga, irú tuntun kékeré yìí gan-an sì ni. Ó fúyẹ́, ó rẹwà, ọ̀rá tín-ín-rín tí wọ́n fi bo ojú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àbúrò mi kò tilẹ̀ fẹ́ ká ṣí i kúrò. Kò tíì pé ọdún tí Windows fi ní òun fẹ́ ṣe update, pé àyè kò tó. Ọjọ́ kejì ló yẹ kó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí olùkọ́ rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń pa fọ́tò rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pa àwọn fídíò ẹ̀kọ́ tó ti gbà sílẹ̀ rẹ́, síbẹ̀ Windows ṣì ń sọ pé kò tó. Inú mi bàjẹ́ gan-an, torí pé owó tí mo ná yẹn ìbá ra èyí tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ká ní mo mọ ohun tó yẹ kí n wò.

64GB tí wọ́n kọ sára páálí, nǹkan bíi 59GB ni Windows fúnra rẹ̀ máa kà á sí, nítorí bí àwọn tó ṣe é ṣe ń ka GB yàtọ̀ sí bí Windows ṣe ń kà á. Inú 59GB yẹn náà ni Windows, àwọn update rẹ̀ àti Office yóò ti gba ibi tiwọn, kí fáìlì akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo tó wọlé. 64GB ni Microsoft kọ sílẹ̀ pé Windows 11 kò gbọ́dọ̀ dín sí, 4GB sì ni ti RAM. Ẹ̀rọ tuntun ni, àmọ́ láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á ló ti dúró sórí ìlà ìkẹyìn.

Èyí tó wá dun ni jù níbẹ̀ ni pé kò sí àtúnṣe. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn ẹ̀rọ kékeré bẹ́ẹ̀, wọ́n ti jó RAM àti eMMC mọ́ bọ́ọ̀dù. Bí ẹ ṣe rà á ni yóò ṣe wà títí yóò fi kú. eMMC kì í sì yára: nígbà tó bá ń ka fáìlì, agbára káká ni ó fi ń kọjá 300MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí SSD irú SATA ń lọ sí 550MB, tí irú SSD tó yára jù ú lọ, NVMe, sì máa ń kọjá 2000MB. Ìyàtọ̀ yìí lẹ máa rí ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ, tí ẹ bá ṣí Word, tí ẹ bá ní kó wá fáìlì kan jáde.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé tuntun ni dandan, bóyá nítorí wàráńtì, tàbí nítorí pé kò sí ẹni tó máa bá yín yẹ àlòkù wò. Ẹ wá èyí tó ní Intel N100 nígbà náà. Ọdún 2023 ló jáde, core mẹ́rin ló ní, kì í sì í jẹ iná púpọ̀. Kí RAM rẹ̀ má dín ní 8GB, kí ibi ìpamọ́ rẹ̀ jẹ́ SSD 256GB. Ẹ bi wọ́n bóyá Windows inú rẹ̀ wà ní S mode, torí pé èyí kì í gba ètò kankan tí kò bá ti inú Microsoft Store wá. Ẹ lè yọ ọ́ kúrò ní S mode lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ bí ẹ bá ti yọ ọ́, kò ní padà síbẹ̀ mọ́.

Àlòkù ọ́fíìsì

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kì í dúró dìgbà tí láptọ́ọ̀pù bá bàjẹ́ kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Bí ọdún mélòó kan bá ti pé, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ló fi máa ń pọ̀ lórí àtẹ tí owó rẹ̀ sì fi ń wálẹ̀. ThinkPad T480, HP EliteBook 840 G5 àti Dell Latitude 7490 wà lára wọn. Ọdún 2018 ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ojú wọn jẹ́ ínǹṣì 14, ihò RAM méjì sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ lè ra èyí tó ní 8GB lónìí, kí ẹ fi 8GB míì kún un lọ́dún tó ń bọ̀. Bí mo ṣe ṣe fún àbúrò mi náà nìyẹn nígbà tí mo wá bá a ra T480: èmi fúnra mi ni mo tú ìsàlẹ̀ rẹ̀ lórí tábìlì, mo ti RAM náà wọ ihò rẹ̀ títí ó fi dún kẹ́kẹ́, mo dé e padà.

T480 yìí tún ní ohun kan tí mo fẹ́ràn. Bátìrì méjì ló máa ń ní, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹ lè yọ ti ẹ̀yìn kí ẹ fi òmíràn sí i láìpa ẹ̀rọ náà, torí pé ti inú á ṣì gbé e ró.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi “Core i7 ni o!” gba owó lọ́wọ́ yín. Ìran processor ló ṣe pàtàkì. Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i5 tàbí i7: nínú i5-8250U, 8 tó ṣáájú ni ìran rẹ̀, ìran kẹjọ nìyẹn, nínú i5-10210U, 10 ni. i7-7500U jẹ́ ìran keje, core méjì péré ló ní. i5-8250U tí orúkọ rẹ̀ kéré sí i ní mẹ́rin. Láti ìran kẹjọ lọ sókè náà ni Windows 11 ti ń gba processor Intel, yàtọ̀ sí díẹ̀ nínú ìran keje, Microsoft sì dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ẹni tó bá ta ìran kẹrin tàbí ìkarùn-ún fún akẹ́kọ̀ọ́ báyìí, wàhálà ló tà fún un.

Kí ẹ tó sanwó àlòkù

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Ẹ tan ẹ̀rọ náà, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, kí ẹ sì lọ sí Performance. Ẹ ó rí orúkọ processor níbẹ̀, iye RAM, àti iye ihò RAM tó ṣì ṣófo.

Lẹ́yìn náà, bátìrì. Ẹ kọ cmd sínú ibi ìwákiri, ẹ ṣí i, ẹ kọ powercfg /batteryreport, kí ẹ tẹ Enter. Yóò sọ ibi tó fi ìwé kan pamọ́ sí fún yín. Ẹ ṣí ìwé náà, kí ẹ wá Design Capacity, ìyẹn agbára tí wọ́n fi ṣe bátìrì náà, àti Full Charge Capacity, ìyẹn agbára tó kù lára rẹ̀. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 50,000, tí ìkejì sì jẹ́ 30,000, ìdá méjì nínú márùn-ún ti lọ. Èmi kì í tìtorí ìyẹn fi ẹ̀rọ sílẹ̀; mo máa ń fi hàn wọ́n, màá sì ní kí wọ́n yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tí wọ́n pè.

Èyí tí n kì í bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà lé lórí ni ẹ̀rọ tí wọ́n ti tì pa. Ẹ tún ẹ̀rọ náà tàn kí ẹ wọ BIOS, ìyẹn ètò ìpìlẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó bẹ̀rẹ̀. Bọ́tìnì tí ẹ máa tẹ̀ nìyí: F1 ni lórí ThinkPad, F10 lórí HP, F2 lórí Dell. Bí ó bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀, ẹ máa lọ. Bí ẹ bá so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí Windows ń bẹ̀rẹ̀, tó wá ń ní kí ẹ fi ímeèlì ilé iṣẹ́ kan wọlé, ẹ máa lọ bákan náà. Ilé iṣẹ́ tó ni ín kò tíì tú u sílẹ̀.

Ojú rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ta T480 kan náà pẹ̀lú ojú 1366×768 àti 1920×1080. Akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ka PDF fún wákàtí mẹ́rin nílò 1920×1080. Ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kí ẹ wò ó láti ibẹ̀. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣú tàbí tó bá funfun bóró, ojú yóò máa ro ẹni tó ń lò ó. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnì kíbọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣí ideri rẹ̀ kí ẹ pa á dé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó má máa mì.

Chromebook

Ó dára fún ẹni tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: Google Docs, ímeèlì, kíláàsì orí fídíò. Ó ń tàn kíákíá, kòkòrò kọ̀ǹpútà kì í sì í sábà rí i bá jà. Google ṣèlérí ọdún mẹ́wàá update fún àwọn tó jáde láti ọdún 2021, ṣùgbọ́n ìgbà tí àwòṣe náà jáde ni wọ́n ti ń ka ọdún yẹn, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rà á. Nítorí náà, àlòkù Chromebook lè ti sún mọ́ òpin rẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ náà nínú Settings, lábẹ́ About ChromeOS.

Kò gba SPSS (ètò ìṣirò fún ìwádìí) tàbí AutoCAD (ètò fún yíya àwòrán ilé àti ẹ̀rọ) ti orí Windows. Bí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá sì ń lọ tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Ta ló yẹ kó ra èwo?

Ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin, ìtàn tàbí èdè, àlòkù ọ́fíìsì tó ní 8GB á gbé e dé ìparí. Ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kó mú un dé 16GB. 8GB ni RAM tó kéré jù tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún AutoCAD fúnra rẹ̀, iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní 3D sì nílò graphics tirẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà ọ̀tọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ àwòrán, èyí tí Intel UHD 620 inú àwọn ẹ̀rọ 2018 yìí kò lè ṣe láìwọ́lẹ̀. Fún irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí èyí tó bá a mu nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta; kó máa lo ẹ̀rọ ilé ẹ̀kọ́ ná, kó sì máa fi owó pamọ́.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ gba ṣájà rẹ̀ lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, kí ẹ fi so ẹ̀rọ náà mọ́ iná, kí ẹ sì dúró wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá bóyá iye iná inú bátìrì ń lọ sókè.