Ìgbànú afẹ́fẹ́, fístúlà mi àti ilé físíò kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù: àgbéyẹ̀wò

Ọ̀dọ́mọkùnrin físíò kan (ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara) ti fi ìgbànú afẹ́fẹ́, irú èyí tó ń dín ẹ̀jẹ̀ kù nínú apá tàbí ẹsẹ̀ kí ìdárayá fẹ́ẹ́rẹ́ lè fún ẹran ara lágbára, yí apá òsì mi ká, lókè ìgúnpá, ó sì ti na ọwọ́ sí bọ́tìnì ẹ̀rọ, kí n tó fa apá mi yọ lọ́wọ́ rẹ̀. Apá òsì yẹn ni fístúlà mi wà. Ẹni tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ fún bíi tèmi, nítorí pé kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ti mọ ohun tí mo ń sọ. Fún ẹni tí kò mọ̀, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi so iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti ọkàn pọ̀ mọ́ èyí tó ń dá a padà, a óò sì dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó fẹ̀ tó ohun tí wọ́n lè gún ní abẹ́rẹ́. Láti ìgbà náà lọ, a kò gbọdọ̀ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní apá yẹn, a kò gbọdọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi báàgì wúwo kọ́ ọ, kódà aago ọwọ́ tó bá fún, bíbọ́ ni à ń bọ́ ọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì sínú rẹ̀, ó lè di pé kí wọ́n ti rọ́bà bọ iṣan ọrùn kí ẹ̀rọ tó lè rí ẹ̀jẹ̀ fọ̀.

Mo sọ fún un pé fístúlà wà níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ìgbànú náà kò ní dí ẹ̀jẹ̀ pa pátápátá, àti pé òun ti ka ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Brazil, níbi tí wọ́n ti lo irú ìgbànú bẹ́ẹ̀ ní apá àwọn alárùn kíndìnrín gan-an. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Àwọn olùwádìí ní Brazil ti dán an wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara àwọn tí a kò tíì ṣe fístúlà fún ni wọ́n ti dán an wò, pé bóyá iṣan apá wọn yóò fẹ̀ sí i kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé. Mo ṣàlàyé èyí fún un, pẹ̀lú ohùn tó jẹ́ kí ọkùnrin tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ìdárayá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dá ẹsẹ̀ dúró. Ó tún ní kí a kàn gbìyànjú rẹ̀ díẹ̀.

Ọmọ wa obìnrin kan tó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ níbẹ̀, tí ohùn rẹ̀ fi í hàn ní ọmọ Ìjẹ̀bú, ló gbọ́ tó sì sáré dé. Kò bá ọ̀gá rẹ̀ jiyàn. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi, ó ní, “Ẹ má bínú, Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ yín.” Ó tú ìgbànú náà, ó fi ìka méjì lé ojú fístúlà, ó dákẹ́, ó ń fetí sí ohun tí ìka rẹ̀ ń sọ fún un. “Ó ń ṣiṣẹ́, Mà. Ó ń gbọ̀n dáadáa.” Ìgbà náà ni mo tó mí kanlẹ̀. Ó ká ìgbànú náà, ó gbé e lọ sí orí àpótí tó jìnnà sí wa, ó sì lọ pe àgbà físíò tó ni ọ̀rọ̀ náà.

Kí n tó dé orí ti àgbà físíò, ẹ jẹ́ kí n sọ ti fọ́ọ̀mù, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá mo lóyún, ní ọjọ́ orí mi yìí. Wọ́n bi mí nípa ẹ̀yìn, èjìká, ọtí, àti ibi tí mo ti gbọ́ nípa wọn. Kò sí ìlà kankan fún kíndìnrín, kò sí fún fístúlà, kò sì sí fún àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbànú tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró kì í ṣe ohun tí a ń dì mọ́ ẹni tó ní àìsàn yẹn lára láìbéèrè. Mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ̀rọ̀ kíndìnrín mi sí àlàfo ìsàlẹ̀ ìwé. Obìnrin tó ń gba àlejò gbà á, kò wò ó, ó bi mí kí ló gbé mi wá, mo ní ẹsẹ̀ mi kò lágbára mọ́, ó sì tẹ “ẹsẹ̀ tó rẹ̀” sínú kọ̀ǹpútà. Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn rí kà nípa mi kò ju ìyẹn lọ. Àdúgbò tí ilé físíò yìí wà sì kún fún àwa ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà! Láti 2010 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti fi hàn pé àwọn oríṣi jíìnì APOL1 kan, tó wọ́pọ̀ gan-an láàrin Yorùbá, ń mú kí ewu àìsàn kíndìnrín pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù sáàárín wa yẹ kó mọ ohun tó ń ṣe wá.

Àgbà físíò náà, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò ṣàlàyé, kò sì gbèjà ẹnikẹ́ni. Ó fagi lé owó ọjọ́ náà, ó kọ̀wé sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ mi, kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ títí dókítà kíndìnrín mi fi fèsì. Ọjọ́ tí a kì í fọ ẹ̀jẹ̀ ló fi mí sí. Láti ìgbà tí mo ti bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀ ni inú mi ti ń yọ́.

Kò sí ẹni tó lè sọ fún mi mọ́ pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà di ìgbànú yìí. Itan nìkan ló lò. Ó gbé ẹ̀rọ Doppler sí kókósẹ̀ mi kí a lè gbọ́ ìró ẹ̀jẹ̀, ó ń fẹ́ ìgbànú náà díẹ̀díẹ̀ títí ìró náà fi pa rẹ́, ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, ó sì tú u. Ìdajì nọ́ńbà yẹn ló fi ṣiṣẹ́, ó sì wọn itan kejì lọ́tọ̀. Apá ọ̀tún ló ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, kí a tó bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí a bá parí. Ní ọjọ́ kan tó bá 178/96 níbẹ̀, ó ní kí n máa lọ sílé, kò sì gba kọ́bọ̀.

Ìwúwo tó so mọ́ ẹsẹ̀ mi kéré débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ìwọ̀sí, kò ju ìdá kan nínú márùn-ún èyí tí mo lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ní láti na orúnkún nígbà 30, kí n sinmi fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí n tún na án nígbà 15, lọ́nà mẹ́ta, pẹ̀lú irú ìsinmi kan náà láàrin wọn. Kí n tó parí ti àkọ́kọ́, itan mi ti ń ta bí ẹni fi ata rodo pa á. Ẹ̀jẹ̀ ń wọlé sí ẹsẹ̀, àbọ̀ rẹ̀ ló nira, ẹran itan á wá máa ṣiṣẹ́ bíi pé irin ńlá ló ń gbé. Yoshiaki Sato, ará Japan tó dá irú ìdárayá yìí sílẹ̀, ní ibi ìrántí òkú kan ní 1966 ni èrò náà ti sọ sí òun lọ́kàn, nígbà tí ẹsẹ̀ òun kú lórí ìkúnlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ìkúnlẹ̀ ni, ilé àna mi nìkan ì bá ti mú irú rẹ̀ mẹ́wàá jáde.

Àìsàn kíndìnrín máa ń jẹ ẹran ara ẹni: oúnjẹ kì í wọlé, ásíìdì ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, a sì ń fi wákàtí mẹ́rin jókòó ti ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Irin wúwo ni ì bá dá ẹran náà padà, ṣùgbọ́n ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, egungun wa kò sì le bíi ti tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí mo ń dìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti ara mi, mo sì ti padà sí òkè bọ́ọ̀sì alájà méjì, níbi tí mo fẹ́ràn láti máa jókòó. Kíndìnrín mi kò yí padà o. Wọ́n ṣì ń fọ ẹ̀jẹ̀ mi bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́, ẹni tó bá sì sọ fún yín pé ìgbànú yìí ń wo kíndìnrín sàn, owó yín ló ń wá.

Ìdáhùn ilé iṣẹ́ náà sí lẹ́tà ìfisùn mi ló tún dá inú mi rú. Wọ́n kọ̀wé pé ó dun àwọn bí mo bá rò pé wọn kò tọ́jú mi bó ṣe yẹ. “Bí mo bá rò” kẹ̀! Fọ́ọ̀mù ọjọ́sí ṣì ni wọ́n ń fún ènìyàn, obìnrin ẹnu ọ̀nà ṣì ń pe orúkọ mi ní ìpèkúpè, wọ́n sì ń gba £70 fún ìdajì wákàtí.

Bí ẹ bá máa lọ, ẹ béèrè àgbà físíò fúnra rẹ̀, ẹ sọ ti fístúlà fún gbogbo ẹni tó bá súnmọ́ yín, kí ẹ sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ dókítà yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Mo ti sanwó oṣù tó ń bọ̀.